Alága àti Ọ̀rọ̀ Mẹ́rìndínlógún

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, bí ẹ bá gba Ìkòtún wọ Ìgándò, tí ẹ sì sọ fún oníkẹ̀kẹ́ Márúwá pé "Ojú Ìpìlẹ̀" lẹ̀ ń lọ, ẹ̀rín ni yóò kọ́kọ́ rín kó tó gbé yín. Ibẹ̀ ni àdúgbò wa, Ìfẹ́sowápọ̀. Ìpìlẹ̀ mẹ́rin ló wà níbẹ̀, tí wọ́n fi mábù dídán ṣe lọ́ṣọ̀ọ́. Ọ̀kan wà fún tránsfọ́mà, ọ̀kan fún gọ́tà, ọ̀kan fún kànga, ọ̀kan sì wà lẹ́bàá ojú àgbàrá fún afárá tí àwọn ọmọ iléèwé yóò máa gbà kọjá. Kò sí àdúgbò tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ pọ̀ tó tiwa ní gbogbo Alímọ̀ṣọ́. Ohun tó yẹ kó wà lórí àwọn ìpìlẹ̀ náà ni kò sí.

Ẹni tó fi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lélẹ̀ ni Alága ẹgbẹ́ onílé wa. Báyọ̀dé Akínlẹ́yẹ ni orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́, ṣùgbọ́n èmi tí mò ń kọ ìtàn yìí nìkan ló kù tó ń pè é bẹ́ẹ̀, nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ kò tó mi. Lọ́jọ́ tó gorí àga gan-an ló ti pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dárúkọ òun mọ́. Alága ni kí wọ́n máa pè é lójú pópó, Alága ni kí wọ́n máa kọ sínú ìwé ìpàdé, Alága ni wọ́n sì gbẹ́ sára mábù. Ìyàwó rẹ̀ tó bí ọmọ márùn-ún fún un, "Alága, oúnjẹ ti délẹ̀" ló máa ń wí. Òun fúnra rẹ̀ kò sọ "èmi" mọ́. Bí ebi bá ń pa á, á ní ebi ń pa Alága.

Bó ṣe dé orí àga náà kò le. Pásítọ̀ Dáníẹ́lì ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, èèyàn jẹ́jẹ́ tó dìde nínú ìpàdé lọ́jọ́ kan tó ní, "Ẹ má bínú, iṣẹ́ géètì tí ẹ gbé lé mi lọ́wọ́, mi ò tíì rí i ṣe." Kíá ni Báyọ̀dé ti fò dìde pẹ̀lú ìwé òfin ẹgbẹ́ lọ́wọ́. Abala kẹsàn-án, ó ní, sọ pé onípò tó bá fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ níwájú ìpàdé pé òun kò ṣe iṣẹ́ tí òun ṣèlérí, kó bọ́ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Bí Pásítọ̀ ṣe sọ̀kalẹ̀ nìyẹn. Láti ọjọ́ náà, Alága tuntun kò tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni rí.

Ọdún kẹfà rẹ̀ lórí àga nìyí, àga náà sì wà lórí blọ́ọ̀kù mẹ́fà, nítorí pé ọdọọdún ni wọ́n ń fi blọ́ọ̀kù kan kún un kó lè máa wo orí wa látòkè. Wọ́n ti ra àpótí kékeré tó máa ń tẹ̀ gùn ún, torí agbádá ti gbé e ṣubú lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀mejèèjì náà la pàtẹ́wọ́.

Òfin rẹ̀ tó lókìkí jù ni òfin máìkì. Ohunkóhun tí Alága bá sọ sínú máìkì nínú ìpàdé gbogbogbòò ti di ìpinnu ẹgbẹ́ lójú ẹsẹ̀, kò sí ìjiyàn, kò sí ìdìbò, Alága pàápàá kò sì lè yí i padà. Wàsíù akọ̀wé béèrè nígbà náà pé, "Bí Alága bá wá ṣèèṣì sọ̀rọ̀ ńkọ́, sà?" Alága wò ó látòkè délẹ̀. "Wàsíù, ṣé Alága máa ń ṣèèṣì ni?" Wàsíù ní rárá o, kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí òun rí i. Ìgbà kan wà tí ikọ́ mú Alága nídìí máìkì, tó ní, "Ẹ fún Alága lómi." Wàsíù kọ ọ́ sílẹ̀ ní ìpinnu kejìlélógójì, gbogbo ìpàdé la sì ń gbé píọ̀ wọ́tà kan fún un títí dòní, bí òùngbẹ ń gbẹ ẹ́ ni o, bí kò gbẹ ẹ́ ni o.

Ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ lórí blọ́ọ̀kù rẹ̀ ná, ká lọ sí yàrá kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbọ̀ngàn ẹgbẹ́. Àwọn àga tó ti kán ni wọ́n ń kó síbẹ̀ tẹ́lẹ̀, kí Alhaja Mọ̀dínátù tó tọrọ rẹ̀. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni Alhaja, ọdún márùndínlógójì ló fi ṣe tíṣà ní Akówọnjọ kó tó fẹ̀yìn tì. Ó kó ìwé rẹ̀ wá, ó ra bẹ́ǹṣì méjì, ó sì gbé pátákó dúdú kan kọ́ sára ògiri ìta. Gbogbo ọjọ́ Sátidé ló máa ń kọ ọ̀rọ̀ mẹ́rìndínlógún sí i ní rúdurùdu. Iṣẹ́ wa ni pé ká pín wọn sí ọ̀nà mẹ́rin, mẹ́rin-mẹ́rin, kí àwọn tó wà nínú ìpín kan ní ohun kan tó pa wọ́n pọ̀. Ṣùgbọ́n kíkó wọn jọ nìkan kò tó o. Ẹni tó bá kó wọn jọ gbọ́dọ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó pa wọ́n pọ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kò tíì tú u.

Kò pẹ́ tí eré yìí fi wọ gbogbo àdúgbò lára. Charity onírun tó wà ní òdìkejì títì a máa fi irun oníbàárà sílẹ̀ ní àbọ̀ láti sáré wá wo pátákó. Èyí tó yà wá lẹ́nu jù ni Nàfíù, vọkanáísà tó wà lẹ́nu ìta. Nàfíù ti lé ní ogójì ọdún kó tó mọ A yàtọ̀ sí B. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Nusaibah, wà níléèwé ní Ìlọrin, ó sì máa ń kọ ọ̀rọ̀ sí fóònù bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹlòmíràn ni Nàfíù ń gbé e fún pé kó kà á fún òun. Ojú máa ń tì í gan-an. Ìgbà kan tí ọmọ náà ṣàìsàn, oníbàárà kan tó wá fẹ́ atẹ́gùn sí táyà ló kà á sókè létí gbogbo èèyàn. Ọ̀sẹ̀ yẹn ló wọ yàrá Alhaja, tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì láàárín àwọn ọmọ kéékèèké. Ara ọ̀rọ̀ mẹ́rìndínlógún yẹn ló ti kọ́ ìwé kíkà. Ó ti ń ka ọ̀rọ̀ kúkúrú tí Nusaibah bá kọ. Àwọn tó gùn ni kò tíì lè dá kà.

Ní Sátidé kan, Alága ń kọjá lọ, ó rí èrò, kì í sì í ṣe òun lèrò náà ń wò. Ó dùn ún.

"Kí lẹ̀ ń wò?"

"Pátákó ni, Alága," ni Charity dá a lóhùn. "Ó ku ìpín méjì, a ò rí i tú."

"Ẹ sún sẹ́yìn kí Alága tú u." Ó ká agbádá sí èjìká. Ohun tó kù lórí pátákó nìyí: àkàrà, ìgbín, ògì, ìjàpá, búrẹ́dì, ẹyin, mọ́ínmọ́ín, àgbọn. Ẹ̀yin náà ti rí i, àbí? Ìpín kan ni oúnjẹ àárọ̀, ìkejì sì ni ohun tí èèpo líle bò. Ṣùgbọ́n ẹyin méjì ni Alága máa ń jẹ láràárọ̀, kò sì sí ẹ̀dá tó lè sọ fún un pé ẹyin kì í ṣe oúnjẹ àárọ̀. Ó kó àkàrà, ògì, búrẹ́dì, mọ́ínmọ́ín àti ẹyin sí ọ̀nà kan. Ó di márùn-ún. Ọ̀nà kejì wá ku mẹ́ta.

"Ẹyin ló yẹ kó sún lọ sọ́dọ̀ ìgbín, sà," ni Nàfíù sọ jẹ́jẹ́. "Ó ní èèpo."

Kò sẹ́ni tó tún ọ̀rọ̀ Alága ṣe rí. Alága wo ọwọ́ Nàfíù tó dúdú fún gíríìsì, ó sì wo pátákó.

"Ẹyin kò níí sún," ni Alága wí. "Àkàrà ni yóò sún. Láti òní lọ, àkàrà ní èèpo."

Wàsíù gbé ẹsẹ̀ kan síwájú. "Òótọ́ ni, sà! Èyí tí mo jẹ láàárọ̀ yìí, díẹ̀ ló kù kó ká mi léyín."

"Ẹ ẹ̀ rí i?"

Charity bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ran Nàfíù, ó ran àwọn ọmọdé, ó ran ìyá kan tó ń kọjá lọ tí kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ rárá. Alága yípadà lọ sílé. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kejì, ìwé kan wà lára ògiri gbọ̀ngàn: gbogbo ẹni tó bá ń ta àkàrà ní Ìfẹ́sowápọ̀, kó máa sọ fún oníbàárà pé kó kọ́kọ́ bó o.

Ẹni tí wọ́n fi rẹ́rìn-ín kì í gbàgbé. Nínú ìpàdé gbogbogbòò oṣù yẹn, Alága tẹ àpótí, ó gun àga, ó sì fa máìkì mọ́ra. Ó sọ sínú rẹ̀ pé àkàrà ní èèpo, Wàsíù sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ó wá gbé máìkì sórí itan, ó fi ọwọ́ méjèèjì di orí mú, ó ní ọpọlọ Alága ń ṣiṣẹ́ jù. Ó ní àwọn dókítà tí òun kò fẹ́ dárúkọ ti kìlọ̀. Nítorí náà, yàrá tí Alhaja ń lò yóò di Gbọ̀ngàn Ìsinmi Ọpọlọ Alága, wọn yóò sì gbé àga onítìmùtìmù àti fáànù síbẹ̀. A pàtẹ́wọ́, nítorí pé ọwọ́ ti mọ́ wa lára. Nàfíù nìkan ni kò pàtẹ́wọ́. Inú rẹ̀ bàjẹ́ débi pé ó ń wo ilẹ̀. Níbo ni yóò ti kọ́ ọ̀rọ̀ gígùn báyìí? Ta ni yóò tún máa gbé fóònù fún?

Alhaja dìde. Èèyàn pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni, ọ̀pá ló sì fi ń rìn.

"Alága, ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Mi ò bá yín jà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ mẹ́rìndínlógún ló dá ìjà sílẹ̀, ẹ jẹ́ kó parí ẹ̀. N ó kọ pátákó kan sí i, ẹ ó tú u níwájú gbogbo ayé nínú ìpàdé ńlá tó ń bọ̀. Bí ẹ bá tú u, n ó kó ìwé mi lọ láìjanpata."

Ẹlòmíràn ì bá ronú. Ẹ má retí ìyẹn. Gbogbo ohun tí Alága gbọ́ nínú ọ̀rọ̀ yẹn ni "níwájú gbogbo ayé". Ojú rẹ̀ tàn.

"Kọ sílẹ̀, Wàsíù!" ó sọ ọ́ sínú máìkì, ó ń fa ohùn bíi wòlíì. "Bí Alága bá tú ọ̀rọ̀ mẹ́rìndínlógún náà, yàrá náà di ti Alága títí láé. Bí Alága kò bá tú u, kí Alhaja máa lo yàrá rẹ̀ lọ."

"Ó ti wọ̀wé, sà."

Oṣù kan tó tẹ̀lé e, nǹkan ṣe nílé Alága. Ó dá Ìgbìmọ̀ Pípín Ọ̀rọ̀ sílẹ̀, Wàsíù ni alákòóso, Wàsíù ni akápò, Wàsíù sì ni gbogbo ọmọ ìgbìmọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pín gbogbo ohun tó bá rí. Ó pín bàtà, ó pín ìkòkò, ó kó ìyàwó rẹ̀, jẹnẹrétọ̀, àkùkọ adìyẹ aládùúgbò àti fóònù sínú ìpín kan, ó ní ohun tí kì í jẹ́ kí Alága sùn ni wọ́n. Obìnrin náà kò bá a sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin. Ó wá rán Wàsíù kó lọ jí àwọn ọ̀rọ̀ Alhaja wò. Wàsíù padà wá ní ọwọ́ òfo. "Orí ìyá yẹn ló kó o sí, sà. Kò sí bí mo ṣe fẹ́ dé'bẹ̀."

Ọjọ́ ìpàdé pé. Gbọ̀ngàn kún dẹ́nu. Alága ti kọ ìwé sí ìjọba ìbílẹ̀ pé kí wọ́n rán ẹni tí yóò wá jẹ́rìí sí ọgbọ́n òun, wọ́n sì rán Hájíà Sàúdátù, obìnrin kan tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn ẹgbẹ́ àdúgbò, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Alága wọ agbádá aláwọ̀ wúrà. Wàsíù fi ìṣẹ́jú ogún kí i.

"Alága tó ń ronú nígbà tí ọpọlọ ẹlòmíràn ń sùn! Alága tí ìwé ń bẹ̀rù! Bí Alága bá wo ọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ a to ara rẹ̀ sórí ìlà!"

"Ó tó, Wàsíù," ni Alága wí. "Fi díẹ̀ sílẹ̀ fún ìgbà tí Alága bá tú u tán."

Wọ́n gbé pátákó wọlé, aṣọ bò ó. Alága kì í dá ìwé kà níwájú èrò, ẹlòmíràn ló máa ń kà á fún un. Ó na ìka sí Nàfíù. Ó ti gbọ́ pé ọkùnrin náà kò kàwé, ó sì fẹ́ dójú tì í nítorí ọ̀rọ̀ ẹyin ọjọ́sí. "Ìwọ oníṣẹ́ táyà, wá ka ọ̀rọ̀ fún Alága."

Ẹ̀rù ba Nàfíù. Ó rìn lọ síwájú, ó ká aṣọ kúrò, ó sì wo pátákó pẹ́ títí débi pé Alága ti ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀. "Gàrí. Jáàkì. Òòyà. Tránsfọ́mà. Ẹ̀wà. Gọ́tà. Túùbù. Díráyà. Kànga. Sípánà. Ìrẹsì. Òwú. Afárá. Pọ́ọ̀mpù. Abẹ́rẹ́. Èlùbọ́." Ó ka gbogbo rẹ̀ tán láìdúró níbì kan. Omi lé sójú Alhaja.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ ti rí i. Àwa náà ti rí i. Kí Nàfíù tó dé ẹnu afárá ni gbogbo gbọ̀ngàn ti rí i. Èjìká ń mì, àwọn ìyá fi gèlè bo ẹnu. Pásítọ̀ Dáníẹ́lì di ojú rẹ̀ bí ẹni tó ń gbàdúrà, mo sì mọ̀ pé kò gbàdúrà. Nínú gbogbo Alímọ̀ṣọ́ lọ́jọ́ náà, ẹnì kan ṣoṣo ni kò rí i, òun ló sì jókòó sí ibi tó ga jù.

"Gàrí, ẹ̀wà, ìrẹsì, èlùbọ́!" ni Alága kígbe. "Ohun jíjẹ!"

"Ó tọ́," ni Alhaja wí. Wàsíù fò sókè lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

"Kànga, pọ́ọ̀mpù, gọ́tà, afárá. Ọ̀rọ̀ omi!" Ó na ọwọ́ sí èyí tó kù. "Jáàkì, sípánà, túùbù, tránsfọ́mà. Irin iṣẹ́!"

"Ẹ jọ̀ọ́, sà," ni Nàfíù wí, ó ṣì dúró níwájú. "Ọdún mélòó ni mo ti ń ṣe vọkanáísà, mi ò tíì fi tránsfọ́mà ṣe táyà rí. Pọ́ọ̀mpù la fi ń fẹ́ atẹ́gùn sí i."

Ẹ̀rín sọ. Alága fẹ́ bínú, ṣùgbọ́n ó rántí àkàrà, Hájíà Sàúdátù sì ń wò ó. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láàárín ọdún mẹ́fà, ó tẹ̀lé ìmọ̀ràn. Ó gbé pọ́ọ̀mpù lọ sọ́dọ̀ jáàkì. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe kó òòyà, díráyà, òwú àti abẹ́rẹ́ jọ, ó ní ohun èlò onírun. Charity pàtẹ́wọ́. "Alága, you try! Ẹ wá bá mi rán wífọ́ọ̀nù sórí àwọn oníbàárà!"

Ó ku mẹ́rin. Tránsfọ́mà, gọ́tà, kànga, afárá.

"Ẹ sọ ohun tó pa wọ́n pọ̀," ni Alhaja wí.

Alága wò wọ́n. Ó ní ohun òyìnbó ni wọ́n. Alhaja ní bàbá ńlá òun gbẹ́ kànga kó tó rí òyìnbó. Ó ní ohun tí kì í jẹun ni wọ́n. Charity ní òòyà òun náà kì í jẹun. Òógùn bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lábẹ́ fìlà. Àpọ́nlé ti tán nínú ọ̀rọ̀ náà báyìí, ó ti wọ̀ ọ́ lára gidi, ó ti gbàgbé yàrá, ó ti gbàgbé èrò, ọ̀rọ̀ mẹ́rin yẹn nìkan ló wà nílé ayé. Bí eré yẹn ṣe máa ń ṣe èèyàn nìyẹn. Àánú rẹ̀ ṣe mí díẹ̀. Díẹ̀ náà ni.

"Tránsfọ́mà," ó ń sọ ọ́ sínú máìkì fúnra rẹ̀. "Lésì funfun ni Alága wọ̀ lọ́jọ́ tránsfọ́mà. Lọ́jọ́ gọ́tà, Alága sọ̀rọ̀ wákàtí méjì. Kànga ńkọ́... wọ́n ya Alága ní fọ́tò. Afárá, wọ́n ya Alága ní fọ́tò." Ó fò dìde lórí blọ́ọ̀kù. "Alága ti rí i! Ohun tí Alága fi ìpìlẹ̀ wọn lélẹ̀ ni!"

Gbogbo èrò yíjú sí Alhaja.

"Ó kù díẹ̀," ni Alhaja wí pẹ̀lú ohùn tó fi ń bá ọmọ iléèwé sọ̀rọ̀. "Ẹ fi ìpìlẹ̀ fẹ́ǹsì ilé yín náà lélẹ̀. Gbogbo wa la wá. Kí ló dé tí fẹ́ǹsì kò sí lára wọn?"

Alága di orí mú. "Fẹ́ǹsì... Fẹ́ǹsì, Alága parí rẹ̀. Ó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n tránsfọ́mà kò sí níbẹ̀. Gọ́tà kò sí. Kànga..." Ojú rẹ̀ là, ayọ̀ gba gbogbo ara rẹ̀, ó sì ké débi pé máìkì han gooro. "Alága ti tú u! Ohun tí Alága ṣèlérí tí Alága kò ṣe!"

Wàsíù ń kọ ọ́, nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ kì í dúró bí máìkì bá ti ń dún. "Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ tún un wí díẹ̀díẹ̀."

"Ohun tí Alága," ni Alága ń pè é fún un ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń jó lórí àga, "ṣèlérí. Tí Alága. Kò ṣe. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin! Fa ìlà sábẹ́ rẹ̀!"

Wàsíù fa ìlà sábẹ́ rẹ̀. "Ó ti wọ̀wé, sà. Ìpinnu kẹtàdínlọ́gọ́rin."

Ìgbà yẹn ni Alága gbọ́ pé kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Ó wo Wàsíù, ó wo ìwé, ó wo pátákó. Mo rí i tí ọ̀rọ̀ náà ń wọ inú orí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹnu òrofó ní í pa òrofó, àwọn àgbà kò parọ́.

"Mo kó ọ̀rọ̀ mi jẹ," ó wí. Ìgbà kẹ́yìn tó ti sọ "mo" níwájú wa ti pẹ́, kó tó di tòní.

"Kò ṣeé ṣe, sà," ni Wàsíù wí. "Òfin máìkì. Ẹ̀yin lẹ ṣe é, sà."

Hájíà Sàúdátù la ẹnu fún ìgbà àkọ́kọ́. "Kí ni òfin ẹgbẹ́ yín wí nípa onípò tó bá jẹ́wọ́ bẹ́ẹ̀?"

Pásítọ̀ Dáníẹ́lì dìde pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó ti há abala kẹsàn-án sórí láti ọdún mẹ́fà. Ó kà á láìwo ìwé, ó sì tún jókòó.

Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan Báyọ̀dé. Ó sọ̀kalẹ̀ fúnra rẹ̀, ó wá àpótí tì, Nàfíù ló di apá rẹ̀ mú kó má baà ṣubú. Nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ilẹ̀, ó tún rántí nǹkan kan, ó sì gbé orí sókè. "Ó dáa. Ẹ gba àga yín. Ṣùgbọ́n mo tú pátákó náà! Yàrá di tèmi. Wàsíù, kà á!"

Wàsíù ṣí ìwé. "Bí Alága bá tú ọ̀rọ̀ mẹ́rìndínlógún náà, yàrá náà di ti Alága títí láé."

"Ẹ ẹ̀ rí i? Èmi!"

"Orúkọ yín dà níbẹ̀?" ni Charity bi í. "Alága ni wọ́n kọ. Ẹ̀yin sì kọ́ ni Alága mọ́, sà. Ẹ̀yin náà lẹ ní ká má kọ orúkọ yín síbì kankan, àbí?"

Wàsíù yẹ ìwé náà wò láti ojú ewé àkọ́kọ́ dé òpin. Nínú ọdún mẹ́fà, Báyọ̀dé Akínlẹ́yẹ kò sí níbẹ̀ rárá.

A ní kí Alhaja gorí àga. Alhaja ní òun ti dàgbà, yàrá òun nìkan lòun fẹ́. "Ìyá," ni Charity wí, "yàrá na for Alága. Tí ẹ bá fẹ́ yàrá, ẹ gba àga jàre." Ọwọ́ tó lọ sókè kò lóǹkà. Ti Wàsíù ló kọ́kọ́ lọ, ẹnu yà yín ni? Ó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í kí Alága tuntun kí Alhaja tó sọ fún un pé kó lọ jókòó.

Ohun àkọ́kọ́ tí Alhaja ṣe ni pé ó ní kí wọ́n tú blọ́ọ̀kù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lábẹ́ àga, kí wọ́n fi wọ́n bẹ̀rẹ̀ gọ́tà. Ní ti pátákó, kò jẹ́ kí wọ́n pa ìpín kẹrin náà rẹ́. Ó gbé e kọ́ sójú títì. Ní oṣù kẹta lẹ́yìn ìyẹn, nígbà tí omi òjò ń gba inú gọ́tà lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, a pe Nàfíù kó wá nu "gọ́tà" kúrò. Ó kọ́kọ́ yọ fóònù, ó ka ohun kan, ó rẹ́rìn-ín, ó sì tún un kà. Nusaibah ló kọ̀wé, ọ̀rọ̀ náà sì gùn. Kò gbé e fún ẹnikẹ́ni.

Ó wá nu gọ́tà kúrò, ó ku mẹ́ta lórí pátákó. Ohùn kan jáde láti ẹ̀yìn èrò. "Kò tọ́ bẹ́ẹ̀. Mẹ́rin ló gbọ́dọ̀ wà nínú ìpín."

Báyọ̀dé ni. Gbogbo Sátidé ló máa ń wá báyìí, ó máa ń dúró sẹ́yìn, ó ṣì ń bá wa jiyàn pé àkàrà ní èèpo. Kò sì sẹ́ni tó lè sọ pé irọ́ ni, ìpinnu ẹgbẹ́ ni.

"Òótọ́ lo sọ, Báyọ̀dé," ni Alhaja wí. Ojú ọkùnrin náà yí padà bí ó ti gbọ́ orúkọ rẹ̀. Alhaja gba ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ Nàfíù. Lọ́jọ́ tí wọ́n yàn án, ó ṣèlérí ìwé tuntun ọgọ́rùn-ún fún yàrá, kò sì tíì rí ẹyọ kan rà. Ó kọ "ìwé" sí àyè tí gọ́tà fi sílẹ̀, ó sì nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ìró.

"Ó ti pé mẹ́rin," ó wí. "Ẹ máa kà á fún mi lójoojúmọ́."